Hádì àlòkù tí mo rà ní Takie: ṣé mo lè kó iṣẹ́ oníbàárà sí i?

Oníbíséńtà Under G

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ kan ààbọ̀ ló kù fún mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi sáré gbé e wá síbí.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Under G, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Próójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH la máa ń tẹ̀, a sì ń bá wọn dì í. Láptọ̀ọ̀pù mi ti kún bámúbámú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo lọ sí Takie, mo ra hádì àlòkù kan tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, tẹ́rábáìtì 1, ₦20,000. Ẹni tó tà á sọ pé ọjà òkè òkun ni, pé kò tíì pẹ́ tó dé, ó sì fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta: bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn kí n gbé e padà wá.

Nígbà tí mo délé tí mo so ó mọ́ láptọ̀ọ̀pù, ó ké "tíkì... tíkì... tíkì", ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo gbé wáyà lọ sí ojúhò kejì, ó wá ṣí. Ẹrù ẹlẹ́rù ló kún inú rẹ̀. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ orúkọ àwọn fódà náà. Mo tẹ ọ̀kan kí n tó ronú, mo rí obìnrin kan tó gbé ọmọ jòjòló dání, aṣọ funfun lọ́rùn ọmọ náà, àwọn àgbàlagbà méjì dúró tì wọ́n. Mo tẹ èkejì, ojú ewé páásípọ́ọ̀tù ló jáde. Mo pa á dé kíá. Ó ṣe mí bíi pé mo wọ yàrá onílé láìkànkùn.

Ẹ̀yìn hádì náà, wọ́n ti fi nǹkan ha ibì kan lára bébà tó lẹ̀ mọ́ ọn. Wáyà rẹ̀, téèpù dúdú ni wọ́n fi wé ọrùn rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀rù nìyí. Ní 2021, fláàṣì kan kú mọ́ mi lọ́wọ́, orí kẹrin próójẹ́ẹ̀tì ọmọbìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ méjì ló sì kù kó fi sílẹ̀ fún olùkọ́ rẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ló jókòó sí. Kò bú mi, kò sọ nǹkan kan, ẹkún nìkan ló ń sun. A jọ tún un tẹ̀ mọ́jú ni. N kò fẹ́ kí irú ọjọ́ yẹn tún padà wá mọ́.

Ṣé hádì yìí lè kó àìsàn ran láptọ̀ọ̀pù mi? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀? Kí ni kí n ṣe sí ẹrù ẹlẹ́rù? Àbí kí n kúkú dá a padà?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Owódé

Màdáámù, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìdààmú. Owódé ní Ọ̀yọ́ ni mo wà, ọdún 19 rèé tí mo ti ń tú kọ̀ǹpútà.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ ná. Fáírọ́ọ̀sì kì í ti ara irin fò sára irin. Inú fáìlì ló ń gbé, ẹni tó bá tẹ fáìlì náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ wọ Settings, ẹ wá AutoPlay, èyí tó ń ṣí ohun tí ẹ bá so mọ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ẹ pa á. Nígbà tí ẹ bá tún so hádì náà, ẹ má tẹ ohunkóhun nínú rẹ̀, pàápàá èyí tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí .exe, tàbí fódà tí ọfà kékeré wà lára àwòrán rẹ̀. Kò sí èyí tí ẹ nílò níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ la máa nù.

Ìró yẹn ló ká mi lára jù. Inú hádì, àwo tó ń yí ló wà níbẹ̀, apá tín-ín-rín kan sì ń rìn lórí àwo náà láìfara kàn án. Bí iná kò bá tó o, apá yẹn á gbéra, á padà sí àyè rẹ̀, á tún gbéra: "tíkì" tí ẹ gbọ́ nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé orí apá náà gan-an ló bàjẹ́, ìró kan náà ni ẹ máa gbọ́. Etí nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Irú hádì kékeré yìí, ojúhò USB nìkan ló ti ń mu iná, volt 5. Ojúhò USB 2.0 kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí ju milliamp 500 lọ, USB 3.0 ní 900. Wáyà tó ti já tí wọ́n fi téèpù wé, á tún jẹ lára ìwọ̀nba yẹn lọ́nà. Nítorí náà, ẹ wá wáyà mìíràn tó dára, kó kúrú, kó má ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ẹ fi í sí ojúhò tí inú rẹ̀ jẹ́ búlúù, USB 3.0 nìyẹn, kí nǹkan kan má sì wà láàárín wọn. Bó bá ké lórí wáyà yẹn, ẹ má dán ohunkóhun wò mọ́. Ẹ gbé e padà sí Takie lónìí.

Bí kò bá ké, ẹ gba CrystalDiskInfo sórí ẹ̀rọ yín, ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo hádì ló ń kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, SMART ni wọ́n ń pè é, òun ni ẹ fẹ́ kà. Bí ẹ bá rí àwọ̀ búlúù tó kọ Good, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ wọ Function, Advanced Feature, Raw Values, ẹ yan 10 DEC, kí nọ́ńbà lè jáde bí a ṣe ń kà á.

Ojú àwo yẹn, ègé kéékèèké ni wọ́n pín in sí, sector lorúkọ wọn. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fi díẹ̀ pamọ́, bí awakọ̀ ṣe ń gbé táyà kan sí búùtù. Bí sector kan bá bàjẹ́, hádì á mú ọ̀kan nínú ìpamọ́ rọ́pò rẹ̀. Iye tó ti rọ́pò ni ẹ máa rí ní ìlà 05, Reallocated Sectors Count. Ìlà C5, Current Pending Sector Count, ni iye èyí tó gbìyànjú láti kà tí kò rí kà, tàbí tí kíkà rẹ̀ nira, tó ṣì ń wò ó bóyá kó rọ́pò rẹ̀ tàbí kó fi í sílẹ̀. C6 fara jọ ọ́. Òdo ni mo fẹ́ rí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. C7 ní tirẹ̀, iye àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ni, wáyà tàbí ojú ìdè ló sábà máa ń fà á, ẹ má fi tirẹ̀ dá hádì lẹ́bi.

Ẹ tún wo 09, Power-On Hours. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan gbáko. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ọkàn gbẹ́kẹ̀ lé ìlà yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìròyìn jáde ní Jámánì pé àwọn kan ń ta hádì Seagate tó ti ṣiṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí gẹ́gẹ́ bíi tuntun, wọ́n ti pa wákàtí inú SMART rẹ̀ rẹ́. Àkọsílẹ̀ kejì tí hádì náà ń kọ pa mọ́, FARM, ló tú àṣírí wọn. Wákàtí lè parọ́. Ohun tí kò lè parọ́ ni kí ẹ kọ nǹkan sí gbogbo ojú àwo náà látòkè délẹ̀, kí ẹ sì kà á padà.

Báyìí ni ẹ ṣe máa ṣe é. Ẹ ya fótò ojú CrystalDiskInfo. Ẹ fọ́máàtì hádì náà sí NTFS, ọ̀nà tí Windows fi ń to fáìlì, ṣùgbọ́n ẹ yọ àmì kúrò lára Quick Format. Láti ìgbà Windows Vista, fọ́máàtì kíkún ń kọ òdo sí gbogbo ojú hádì. Ẹ fara balẹ̀ wo orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́: tẹ́rábáìtì 1 yóò hàn bíi 931 GB. Bí ẹ bá ní hádì mìíràn tó so mọ́ ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́. Mo ti rí ẹni tó nu ti ara rẹ̀. Lórí ojúhò búlúù, ẹ ka wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; lórí USB 2.0, odindi òru kan ni. Tó bá parí, ẹ fi H2testw, ètò kan tó ń dán hádì wò, kọ ọ́ kún, kó sì kà á padà. Ìyẹn náà ló máa fi hàn bóyá tẹ́rábáìtì 1 ni lóòótọ́, torí àwọn kan wà lọ́jà tí ó jẹ́ fláàṣì kékeré ni wọ́n kó sínú páálí ńlá. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún ya fótò, ẹ wá fi méjèèjì wé ara wọn, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Ayàwòrán Aroje

Màdáámù, mo bá yín kẹ́dùn. Èmi náà ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí.

Ọdún méjì ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni mo kó sínú hádì àlòkù kan ṣoṣo. Kò ké rí. Kò pariwo rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, iná rẹ̀ tàn, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Mo gbé e dé Ìbàdàn. Iye tí wọ́n bù fún mi láti fi kó nǹkan inú rẹ̀ jáde ju iye tí mo gbà lórí ìgbéyàwó mẹ́ta lọ. Ìdílé kan wà nínú rẹ̀ tí ìyá ìyàwó ti kú lẹ́yìn ìnáwó náà. Àwòrán tó ti ń jó lọ́jọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ mi nìkan ló wà. Èmi ni mo lọ sọ fún ọmọ rẹ̀. N kò lè gbàgbé bó ṣe ń wo ẹnu mi.

Tiyín, ẹ dá a padà. Ẹ ra SSD àlòkù. Kò sí àwo nínú rẹ̀, kò sí apá tó ń rìn, kò sí ohun tó máa ké.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Owódé

Ẹ̀gbọ́n ayàwòrán, ẹ kú ara fẹ́ra kù, Ọlọ́run á máa tu yín nínú. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ SSD yẹn. Òótọ́ ni pé bó bá já bọ́, kì í tètè fọ́. Àmọ́ àwo tó ń yí sábà máa ń kìlọ̀: á ké, á falẹ̀, C5 á máa gòkè. SSD lè ṣiṣẹ́ lálẹ́, kí ó má jí láàárọ̀. Ìgbà tí wọ́n lè kọ nǹkan sí i ní ìwọ̀n, ẹni tó lò ó ṣáájú yín sì ti lè jẹ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìfún un níná, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè máa ṣá. Fún ẹni tó fẹ́ kó próójẹ́ẹ̀tì pa mọ́, àwo yíyí ṣì wúlò.

Kì í ṣe pé hádì yín jẹ́ àlòkù ló pa yín lára, ẹ̀gbọ́n. Pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Tuntun pàápàá ì bá ṣe yín bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Ìjẹrù

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. N kò mọ inú hádì, ìbéèrè nípa ẹrù ẹlẹ́rù ni mo fẹ́ dá sí.

Màdáámù, ẹ ṣeun tí ẹ pa á dé. Bí wọ́n bá fi àpò ránṣẹ́ sí ni láti ọjà tí a wá bá ìwé ìdílé ẹlòmíràn nínú rẹ̀, a kì í jókòó kà á. Ọmọ jòjòló yẹn á ti dàgbà báyìí, kò sì mọ̀ pé àwòrán òun dé Takie. Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má dà á kọ, ẹ má sì sọ pé kí ẹ wá onílé kàn, torí kí ẹ tó rí i ẹ máa ti ka gbogbo nǹkan rẹ̀ tán. Kí ẹ nù ún ní oore tí ẹ lè ṣe fún un.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí lọ́kàn bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín. Láptọ̀ọ̀pù tí ẹ lò kí ẹ tó ra ti ìsinsìnyí, ibo ló wà? Orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn, nọ́ńbà fóònù wọn, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ yín kọjá. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ṣùgbọ́n kí a tó dórí òfin, ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n.

Oníbíséńtà Under G

Tíṣà, ìbéèrè yín kò jẹ́ kí n sùn lánàá.

Mo ta á ní 2022 fún télọ̀ kan ní Sábó. Mo fọ́máàtì rẹ̀ kí n tó fún un, mo sì rò pé mo ti ṣe ohun tó yẹ. Bí Bàbá Owódé ṣe sọ pé kí n yọ àmì Quick Format kúrò, ni mo rántí pé n kò fọwọ́ kan àmì kankan lọ́jọ́ náà. Mo kàn tẹ Start ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan àwọn ọmọ yẹn ṣì wà níbẹ̀?

Nípa hádì: mo ra wáyà mìíràn, ojúhò búlúù ni mo fi í sí. Kò ké mọ́ rárá. CrystalDiskInfo ní Caution, àwọ̀ yẹ́lò. 05 jẹ́ 0, C5 jẹ́ 8, C6 jẹ́ 0, wákàtí jẹ́ 21,340. Mo bẹ̀rẹ̀ fọ́máàtì ní aago méje alẹ́. NẸ́PÀ mú iná lọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n bátìrì láptọ̀ọ̀pù gbà á dúró títí mo fi tan jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn fọ́máàtì, C5 di 0, 05 di 8. Inú mi dùn. Mo wá tan H2testw, mo dùbúlẹ̀ tì í. Láàárọ̀ yìí, H2testw kò bá àṣìṣe kankan, ó ní ó pé, ṣùgbọ́n 05 ti di 40, C5 ti di 16. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Owódé

Màdáámù, ẹ gbé e padà. Kì í ṣe 8 yẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo mọ hádì tí 05 rẹ̀ ti wà lórí 8 láti ọdún mẹ́rin, tí kò sún kúrò níbẹ̀. Ohun tí ẹ rí ni pé iṣẹ́ òru kan ṣoṣo gbé e láti 8 dé 40, àwọn 16 mìíràn sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. H2testw kà á pé, bẹ́ẹ̀ ni, torí hádì ń sáré rọ́pò wọn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìpamọ́ náà á tán. Wákàtí 21,340, bí onílé bá ń tan án fún wákàtí 8 lójúmọ́, ó ju ọdún méje lọ. Ẹ fi fótò méjèèjì han ẹni tó tà á, ẹ má bá a jà.

Lórí ti télọ̀: bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Quick Format dà bí ẹni tó fa ojú ewé ìtọ́ka inú ìwé ya, tí kò fọwọ́ kan ìwé fúnra rẹ̀. Ohun tí télọ̀ kọ lé e lórí nìkan ló ti lọ. Àwọn ètò bíi Recuva, tó ń wá fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ jáde, ọ̀fẹ́ ni, ọmọdé lè lò ó. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Kó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà nǹkan tirẹ̀ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí Command Prompt, fèrèsé dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ cipher /w:C:\ kí ẹ sì fi sílẹ̀. Kò ní fọwọ́ kan fáìlì tó wà, àyè tó ṣófo nìkan ló máa kọ nǹkan sí, ìgbà mẹ́ta. Bí C nìkan kọ́ ló wà lórí ẹ̀rọ náà, ẹ ṣe é fún D náà.

Èyí tí wọ́n bá sì pààrọ̀ fún yín, bó ti wù kí nọ́ńbà rẹ̀ dára tó, ẹ̀dà kejì ni kí ẹ fi ṣe. Próójẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń lọ lọ́wọ́, kó wà nínú láptọ̀ọ̀pù, kó wà nínú hádì yìí, kí ọmọ tó ni ín náà ní tirẹ̀ nínú ímeèlì kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Oníbíséńtà Under G

Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ ṣeun, tíṣà.

Ẹni tó tà á kọ́kọ́ sọ pé "ó kúkú ń ṣiṣẹ́". Mo gbé fótò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí fóònù, mo fi ìka han án ní 05 àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Ó wò ó pẹ́, ó bi mí níbi tí mo ti kọ́ ọ. Ó gbé mẹ́ta mìíràn jáde fún mi láti yàn. Mo tan CrystalDiskInfo níbẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, mo mú èyí tí 05, C5 àti C6 rẹ̀ jẹ́ òdo, wákàtí 9,112.

Láti ibẹ̀ mo gba Sábó lọ. Orí tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ ni láptọ̀ọ̀pù mi àtijọ́ wà, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ há sáàárín bọ́tìnnì rẹ̀. Mo sọ òótọ́ fún obìnrin náà. Kò bínú. Mo fi fláàṣì mi kó àwòrán àwọn sítáìlì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ná, mo wá tẹ ohun tí bàbá kọ. "Writing 0x00" ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà "Writing 0xFF", lẹ́yìn náà "Writing Random Numbers". Ó ń bi mí kí ni gbogbo rẹ̀ ń sọ, mo ní ó ń gbá ilẹ̀ tí èmi ò gbá. Ilẹ̀ ṣú bá mi níbẹ̀, ó ní kí n jẹun, mo jẹ ẹ́.

Mo ti fọ́máàtì hádì kejì tán, òdo ṣì ni gbogbo rẹ̀. H2testw ló kù. Ìbéèrè kan péré: bí iná bá lọ tí bátìrì sì tán láàárín rẹ̀, ṣé hádì á bàjẹ́, ṣé mo máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Owódé

Kò dára kí iná já mọ́ hádì lẹ́nu lójijì, nítorí náà bí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀, ẹ dá H2testw dúró fúnra yín, kí ẹ yọ hádì bó ṣe yẹ. Fáìlì GB kọ̀ọ̀kan ló ń kọ sílẹ̀, 1.h2w, 2.h2w, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ti kọ tán kì í sọnù. Bí iná bá dé, ẹ tẹ Verify, á ka àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kó dán gbogbo àyè hádì wò, ẹ pa àwọn fáìlì yẹn rẹ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá parí, ẹ pa gbogbo fáìlì .h2w rẹ́ kí ẹ tó kó próójẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni sí i, kí ẹ sì ya fótò kan fún mi.